Ìka wo ni mo lè fi sáré sọ̀kalẹ̀ ní A♭? Píánò yìí kò ní transpose

Atẹdùùrù_Òmù:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́. Òmù-Àrán ni mo wà, èmi ni mò ń lu kíbọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Kíbọ́ọ̀dù oníná tó ní kíì 61 ni mo fi kọ́ṣẹ́, C nìkan ni mo sì fi ń lu gbogbo orin látìbẹ̀rẹ̀. Bí olórin bá gbé e sí A♭, màá tẹ bọ́tìnì transpose. Ọwọ́ mi ń lu C, A♭ ló ń jáde. Kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí.

Àfi bí ẹnì kan tó ń kó lọ sókè òkun ṣe fi píánò onígi rẹ̀ ta ìjọ lọ́rẹ. Inú alàgbà wa dùn dé góńgó, ó ní òun ni a ó lù níbi ìkórè, ká má tiẹ̀ tan kíbọ́ọ̀dù. Píánò náà dára o, ohùn rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì kankan lára rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ ni yóò sọ.

Orin kan wà tí ìyá tó ń léwájú orin kì í gbé síbòmíràn ju A♭ lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀ ọ́ sí G fún mi, ó ní ohùn òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń sọ̀. Síìsì-éètì (6/8) ni orin náà, ó sì ń sáré díẹ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ kejì, akọrin á dákẹ́, èmi á fi ọwọ́ ọ̀tún sáré sọ̀kalẹ̀ láti òkè, octave méjì (láti d dé d lẹ́ẹ̀mejì), kí wọ́n tó wọlé padà. Sólfà rẹ̀ nìyí:

d' l s ma-m r, d l s ma-m r, d

Ma yẹn, ìyẹn m tí a sọ̀ ní ìdajì ohùn, ìfọwọ́kàn lásán ni, kíá ló ń yọ́ bọ́ sínú m.

Ní C, ó rọ̀ mí lọ́rùn (àtàǹpàkò ni mò ń pè ní 1, ìka kékeré ni 5): 5 4 3, ìka 2 á yọ́ láti E♭ sórí E, àtàǹpàkò á gba D. Ìka 3 á gorí rẹ̀ sí C, 2, 1. Ìka 3 á tún gorí, á yọ́, 2, 1, ó tán. Ní A♭, níbi tí ma ti jẹ́ B tí m sì jẹ́ C, bí mo bá fi máa dé C, ìka ti tán lọ́wọ́ mi. Yíyọ́ yẹn gan-an kò ṣeé ṣe, B àti C ń dún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun kejì: nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn akọrin, mo rí ìwé sikéèlì (d r m títí dé d') àtijọ́ kan tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú ọba. Ohun tí wọ́n kọ sí A♭ ọwọ́ ọ̀tún rèé: 2 3 x 1 2 x 1 2. Kí ni x yẹn? Ṣé ká fo ohùn náà ni? Kí ló dé tí kò sí 4 àti 5 nínú rẹ̀ rárá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ kọ́ sikéèlì méjèèjìlá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkórè ti dé tán.

Lórí_Kíì_Ọ̀fà:

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù yín lé orí píánò yẹn, ẹ tan transpose, kí alàgbà máa wo igi. Bí iná bá lọ lárin orin, ẹ sáà máa mi orí.

Ẹ̀fẹ̀ ni o. Èrò tèmi ni pé kí ẹ yọ ma kúrò. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ohùn márùn-ún ló kù, ìka márùn-ún ni Ọlọ́run sì fún wa. Ẹ lu A♭ F E♭ C B♭ pẹ̀lú 5 4 3 2 1, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ti délẹ̀. Báyìí ni mò ń ṣe é ní Ọ̀fà níbí, wọ́n sì ń náwó fún mi.

Màmá_Tánkẹ̀:

Atẹdùùrù, ọmọ mi, kú iṣẹ́. Ilé mi ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, ni mo ti ń kọ́ ọmọdé àti àgbà ní píánò, àwọn tó sì ń bá mi wá láti ibi kíbọ́ọ̀dù ìjọ, C nìkan àti bọ́tìnì ni gbogbo wọn ń gbé wá. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú x yẹn fún ọ, òun ló yá. Ìwé rẹ kò ṣìnà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tiwọn láyé ìgbà kan: àtàǹpàkò ni wọ́n ń fi x tàbí àmì ìròpọ̀ kọ, ìka tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń pè ní 1, ìka kékeré sì jẹ́ 4. Àwọn ará Yúróòpù yòókù ń pe àtàǹpàkò ní 1, ìka kékeré ní 5, tiwọn ni gbogbo ayé ń lò lónìí. Fi ẹyọ kan kún gbogbo nọ́ńbà inú ìwé rẹ, kí o sọ x di 1, wàá rí 3 4 1 2 3 1 2 3. A♭ gba 3, B♭ 4, C 1, D♭ 2, E♭ 3, F 1, G 2, A♭ 3. Bí o bá tún rí ìwé mìíràn nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, kọ́kọ́ wá x tàbí + nínú rẹ̀ kí o tó gbé ọwọ́ lé kíì. Bí o bá rí 5, ti ayé ìsinsìnyí ni. Má sì jẹ́ kí wọ́n jù wọ́n nù nígbà tí wọ́n bá ń gbá yàrá akọrin.

Wàyí o, wo sikéèlì yẹn dáadáa. Ibo ni àtàǹpàkò dé? C àti F. Kò débòmíràn. Àtàǹpàkò kúrú, ìsàlẹ̀ ló sì ń gbé, kíì funfun ló bá a mu. Àwọn ìka gígùn ló ni dúdú. Nínú ohùn márùn-ún tí run rẹ (sísáré sọ̀kalẹ̀ yẹn) ní, A♭, B♭ àti E♭ jẹ́ dúdú, C àti F jẹ́ funfun. Funfun méjèèjì, àtàǹpàkò ló ni wọ́n. O ti rí ìka rẹ lọ́wọ́ báyìí, ó kù kí a tò ó.

Èmi kì í wá ìka láti ohùn àkọ́kọ́. Ibi tí run máa balẹ̀ sí ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, mo ń bi ara mi pé kí ni ọwọ́ máa ṣe lẹ́yìn náà. Akọrin ń wọlé padà, àbí? Wàá fún wọn ní kọ́ọ̀dù, ohùn mélòó kan tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá fi ìka 2 balẹ̀ sórí A♭ ìsàlẹ̀, àtàǹpàkò rẹ wà lọ́gangan E♭, ìka 4 wà lọ́gangan C: E♭ A♭ C, 1 2 4, kọ́ọ̀dù A♭ ti wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ láìṣí ibì kankan. Nítorí náà 2 ni ìparí. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni B♭, 3 ni. Ṣáájú B♭, C, àtàǹpàkò. Máa bá a lọ báyìí títí dé òkè, ohun tó máa jáde nìyí:

A♭ 4, F 3, E♭ 2, C 1
B♭ 3, A♭ 2, F 1
E♭ 2, C 1
B♭ 3, A♭ 2

F tó wà lókè gba 3 dípò àtàǹpàkò, nítorí pé ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ìka ṣì pọ̀ nílẹ̀. Kò sídìí láti ná àtàǹpàkò níbi tí kò ti sí ìyípadà.

Ìwọ ará Ọ̀fà, èyí tí o sọ yẹn kì í ṣe ìsọkúsọ, àwọn ọ̀jẹ̀ máa ń ṣe é: wọ́n á lu márùn-ún, wọ́n á gbé gbogbo ọwọ́ fò lọ sí márùn-ún tó kàn. Ṣùgbọ́n wo ibi tí fífò yẹn bọ́ sí: láti àtàǹpàkò lórí B♭ dúdú, sí ìka kékeré lórí A♭ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlàfo máa wà níbẹ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ohùn string tó ń fà lẹ́yìn, etí kò ní gbọ́ ọ. Lórí píánò onígi, inú ṣọ́ọ̀ṣì tó dákẹ́ rọ́rọ́, wọn á gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká ka bíìtì. Síìsì-éètì ni o pè é. Bí a bá fọ́ bá (bar) kan rẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyọ kéékèèké méjìlá ni. Ohùn tó wà nínú run rẹ kí o tó balẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Di A♭ òkè mú fún mẹ́ta, mẹ́sàn-án tó kù á tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, A♭ ìsàlẹ̀ á bọ́ sórí bíìtì kìíní bá tó kàn gééré. Wá wo bí wọ́n ṣe pín sí mẹ́ta-mẹ́ta:

F E♭ C, ìka 3 2 1
B♭ A♭ F, ìka 3 2 1
E♭ C B♭, ìka 2 1 3

B♭ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló bọ́ sórí bíìtì ńlá kejì, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì bá náà, ibẹ̀ náà sì ni ìka 3 ti gorí àtàǹpàkò. Nígbà tí ìka àti bíìtì bá yí lójú kan náà báyìí, ọwọ́ á rántí ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọn kò bá yí pọ̀, a jẹ́ pé ìwọ ni wàá máa ranti, ẹni tó ń lu ìkórè kò sì ráyè ìyẹn.

Ó ku ma tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní C, ma jẹ́ E♭, dúdú, m jẹ́ E, funfun. Dúdú ga, funfun wà nísàlẹ̀, ìka kan ṣoṣo á yọ́ bọ́. Ka ibi méjèèjìlá tí a lè gbé orin sí: C, F, G, B♭ àti E♭ nìkan ni ma ti jẹ́ dúdú tí m sì jẹ́ funfun. Ní D, E, F♯, A àti B, funfun ló ń lọ sí dúdú, ìka kì í sì yọ́ gun òkè. Ní A♭ àti D♭, funfun sí funfun ni. Ìdí nìyẹn tí ìka 2 rẹ fi ń kọ̀. Ohun tí o ń wá kò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe ni èyí: àtàǹpàkò fẹ̀, ó lè tẹ kíì funfun méjì tó fara kanra. Fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ B àti C pa pọ̀, kí o sì yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀ sápá ọ̀tún kí B tètè bọ́, kí C kù nílẹ̀. Bí o bá ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò burú létí rẹ, má bẹ̀rù. Ní ìwọ̀n eré tirẹ, ohun tí etí máa gbọ́ ni ma tó yọ́ sínú m. Nọ́ńbà ìka kò yí padà, 1 náà ni.

Ní octave ìsàlẹ̀, ọ̀nà mìíràn tún wà bí onígìtá báàsì bá wà tó ń gbé ìsàlẹ̀ orin. Ọwọ́ òsì rẹ kò níṣẹ́ nígbà yẹn. Gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lẹ́yìn E♭, kí ọwọ́ òsì gba B pẹ̀lú 2, C pẹ̀lú 1, B♭ pẹ̀lú 3, A♭ pẹ̀lú 4. Ìka méjì ló ń lu ma àti m níbẹ̀, ó sì mọ́ ju ti àtàǹpàkò lọ. Àwọn kan máa ń rò pé kí ọwọ́ méjì pín run kan jẹ́ àrékérekè. Etí kì í mọ ọwọ́ tó lù ú.

Bí wàá ṣe fi kọ́ra: má lu ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Tẹ F E♭ C lẹ́ẹ̀kan náà bíi kọ́ọ̀dù, 3 2 1. Ṣí lọ, tẹ B♭ A♭ F lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣí lọ, E♭ C. Ṣí lọ, B♭ A♭. Ṣíṣí ọwọ́ láti ìdì kan sí èkejì ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ohùn inú ìdì kò le. Lẹ́yìn náà tú wọn. Kí o sì tètè dán an wò ní ìwọ̀n eré tí ẹ ó fi kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ ń já, nítorí ìka tó dùn nígbà tí ènìyàn ń rìn lè kọ̀ nígbà tí ó bá ń sáré. Mo ti rí ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ ìka tí kò lè sáré láéláé, ọwọ́ rẹ̀ wá mọ̀ ọ́n tán, kò ṣeé yí mọ́.

Pẹ́ńsùlù ni o máa lò. Sólfà lo ń kà, kọ nọ́ńbà sókè lẹ́tà sólfà, ibi tí ọwọ́ ti ń yí nìkan: 4 lórí d' àkọ́kọ́, 3 lórí r àkọ́kọ́, 2 lórí s kejì, 3 lórí r kejì. Bí o bá kọ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ kò ní rí ìkankan.

O ní kí a má rán ọ níṣẹ́ sikéèlì méjìlá. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n gba èyí lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́: ní F, B♭, E♭, A♭ àti D♭, orí C àti F ni àtàǹpàkò ọ̀tún ń bọ́ sí, nínú sikéèlì márààrún. Márùn-ún nínú méjìlá nìyẹn, wọ́n sì wà lára àwọn tí olórin wa fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá mọ̀ pé C àti F ni ilé àtàǹpàkò ti lọ jìnnà.

Kíì dúdú kò sì le bí wọ́n ṣe ń bú u. Chopin, ọmọ Poland tó gbé ní Paris láyé ìgbà kan, kì í fi C bẹ̀rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. B ló fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìka gígùn mẹ́ta àárín ń sinmi lórí dúdú, àtàǹpàkò àti ìka kékeré wà lórí funfun, ọwọ́ wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. C tí gbogbo yín ń sá sí, òun ló fi sí ìkẹyìn.

Alfa_Ohùn_Ìlọrin:

Àsàlámù àléékúm, gbogbo ilé. Sítúdíò wa wà nítòsí Ọjà-Ọba níbí, olórin Ìsìláàmù ni mò ń lu kíbọ́ọ̀dù fún jù. Màmá, ẹ ṣeun, mo ti kọ ti C àti F yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi nǹkan kún un, ẹ má bínú.

E♭ kejì yẹn, tí ẹ fi 2 sí. Ọwọ́ tèmi kéré. Bí 2 bá gorí àtàǹpàkò sí E♭, kí àtàǹpàkò tó nà dé C, ọwọ́ mi ti le gan-gan. 3 ni mò ń lò: F 1, E♭ 3, C 1, B♭ 3. Láàárín E♭ sí C, 3 sí 1 ni ọwọ́ ń ṣe láìnà rárá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gùn lè máa lo 2. Octave kan lórí píánò tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógún àbọ̀, kò dín kù fún ọlọ́wọ́ kékeré.

Èkejì, òfin pé àtàǹpàkò kì í lu dúdú, F♯ kò mọ̀ ọ́n. Àwọn olórin wa fẹ́ràn ibẹ̀. Bí o bá lu irú run yìí láìsí ma níbẹ̀, dúdú ni gbogbo ohùn márààrún, gíga wọn dọ́gba, àtàǹpàkò sì di ìka bíi ti yòókù. Mò ń fi í sórí F♯ àti C♯, ìyẹn dúdú àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta àti nínú ẹgbẹ́ méjì. Tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀: F♯ 1, D♯ 2, C♯ 1, A♯ 3, G♯ 2, F♯ 1. Ó ń sáré gan-an.

Ti transpose, Màmá, ẹ má bá a jà jù. Olórin tiwa kì í dúró gba ohùn, ibi tó bá ń wù ú ló ti ń gbéra, àárín G sí A♭ ló sì máa ń bọ́ sí. Bọ́tìnì tó ń yí ohùn díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ mí. Àwọn olórin dàdàkúàdà àtijọ́ kò ní wàhálà yìí, ìlù ló ń gbè wọ́n, kò sí kíbọ́ọ̀dù tó ń wá wọn kiri.

Màmá_Tánkẹ̀:

Alfa, wa alaékúm sàlám. Mo gba E♭ pẹ̀lú 3. Ọwọ́ tèmi gùn, ìdí tí mo fi kọ 2 nìyẹn. Atẹdùùrù, lu méjèèjì ní ìwọ̀n eré gidi, èyí tí èjìká rẹ kò bá ga sókè níbẹ̀ ni tìrẹ. Lẹ́yìn tí o bá mú un, má pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ títí ìkórè á fi kọjá.

F♯ tí o sọ, òótọ́ ni. Ìdí tí àtàǹpàkò fi ń sá fún dúdú ni gíga, bí gíga bá dọ́gba, ìdí ti kú.

Olórin tó bọ́ sáàárín G sí A♭, mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin àti Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìyẹn rán mi létí. Atẹdùùrù, tan kíbọ́ọ̀dù rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ píánò yẹn, kí o lu A♭ lórí méjèèjì. Píánò tó pẹ́ láìtún ohùn rẹ̀ ṣe máa ń lọ sílẹ̀, ọyẹ́ tún ń gbẹ igi inú rẹ̀. Bí A♭ píánò bá ti di G ti kíbọ́ọ̀dù, onígìtá yín máa bá yín jà ní ọjọ́ náà. Ẹ pe ẹni tó ń tún ohùn píánò ṣe, ẹ má sì gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé.

Lórí_Kíì_Ọ̀fà:

Bí A♭ bá ti di G, a jẹ́ pé píánò ti bẹ ìyá náà fún wa nìyẹn.

Atẹdùùrù_Òmù:

Màmá, ẹ ṣeun gan-an mà. Alfa, ẹ ṣeun. Mo ti wà nídìí píánò láti ìrọ̀lẹ́. Ìwé x yẹn ti ń sọ̀rọ̀. 3 ti Alfa lọwọ́ mi mú. Tí mo bá tẹ àwọn ìdì yẹn bíi kọ́ọ̀dù, ọwọ́ ń ṣí lọ láìwò ó. Kíì píánò yìí wúwo ju ti kíbọ́ọ̀dù lọ o, àtàǹpàkò tó ń tẹ B àti C pọ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, nígbà tó ti rẹ ọwọ́, méjèèjì ń dúró síbẹ̀ pọ̀, B kì í bọ́.

Ti ọwọ́ òsì kò ní ṣeé ṣe. Onígìtá báàsì wa, ìwàásù ló máa ń bá. Èmi ni mo ń gbé ìsàlẹ̀ orin títí yóò fi dé, bó bá máa dé.

Ìbéèrè kékeré tó kù: pedal tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ńkọ́? Kíbọ́ọ̀dù mi kò ní in rí, mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ píánò yìí, alàgbà ní kí n lò wọ́n nítorí pé wọ́n wà níbẹ̀.

Màmá_Tánkẹ̀:

Yọ ma ìsàlẹ̀ kúrò. Lu C lásán níbẹ̀. Etí ti gbọ́ ma ti òkè, yóò rò pé òun gbọ́ èkejì, orí bíìtì lo sì ti ń lọ nígbà yẹn, ìbàlẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ti òkè, sún ọwọ́ wọlé díẹ̀ kí àtàǹpàkò tẹ kíì nítòsí ibi tí dúdú wà, má fi í sí etí ìta. Ìka gígùn ti wà lókè dúdú, bí àtàǹpàkò bá wà ní etí ìta, ọwọ́ á máa wọlé, á máa jáde, ohun tó ń rẹ̀ ọ́ nìyẹn.

Pedal: ti ọ̀tún nìkan. Fi ẹsẹ̀ sí i nígbà tí A♭ òkè tí o dì mú bá ti dún, kí o sì gbé e kúrò kí o tó kan C. Bí pedal bá wà nílẹ̀ nígbà tí o tẹ B àti C pọ̀, B kò ní kú, yóò máa bá C dún lọ títí, gbogbo bí o ṣe yí ọrùn ọwọ́ á já sí asán. Láti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀. Nígbà tí o bá balẹ̀ sórí A♭ tí o sì fi E♭ àti C kún un, tẹ̀ ẹ́ padà kí akọrin tó wọlé. Kí alàgbà máa wo méjì tó kù.